Obìnrin Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Lára Ògiri Funfun

Kékeré ni mo ṣì wà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni, nígbà tí mo rí i pé ènìyàn lè fi ìka kan ṣoṣo ya ojú ènìyàn. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí i, wọn kò sì kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́. Inú gíláàsì àtùpà ni. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà náà kò ní gbàgbé iṣẹ́ yẹn. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn á ní kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì kéré jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ó nu gíláàsì, torí ọwọ́ àgbà kò lè wọ inú rẹ̀. Nílé wa ní Agbowó, èmi ni ọwọ́ mi kéré jù. Màá gbé gíláàsì náà lé itan, màá wo bí èéfín àná ṣe kùn ún dúdú nínú. Kí n tó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nù ún, màá kọ́kọ́ fi ìka ya ojú méjì, imú kan, ẹnu kan. Ibi tí ìka mi bá gbà, á mọ́lẹ̀. Ibi tí kò bá gbà, á dúdú síbẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé n kò fi nǹkan kan kún un. Ńṣe ni mo mú díẹ̀ kúrò nínú dúdú, síbẹ̀ ènìyàn kan jáde tó ń wò mí.

Ilé oníyàrá púpọ̀ ni ilé wa, yàrá ń kọjú sí yàrá, kọ̀rídọ̀ gígùn kan sì là á já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ Adó-Èkìtì tí iṣẹ́ gbé dé Ìbàdàn. Màámi jẹ́ aránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé náà gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lódìkejì títì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Àbúrò bàbá mi tó kéré jù, Àǹtí Fúnmi, ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́wọ́ Màámi. Lójú mi, Àǹtí Fúnmi ga bí igi àgbọn. Bí mo bá fẹ́ rí ojú rẹ̀, àfi kí n gbé orí sókè.

Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń gúnyán, torí bàbá mi ní iyán táwọn ará Ìbàdàn ń gún, àárẹ̀ ló ń mú wọn kí ó tó kúnná. Èmi á jókòó ti odó, màá máa retí òkèlè gbígbóná tí yóò jù sí mi lẹ́nu kí Màámi tó bojú wẹ̀yìn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, á bá àwa ọmọdé ṣeré tẹ́ntẹ́n lẹ́yìnkùlé, á sì máa yan wá jẹ láìtijú. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń ṣeré náà. Ẹsẹ̀ lásán náà ló fi ń wa máṣínnì. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí pẹ́dà ń sọ.

Iná mànàmáná kì í dúró nígbà náà, kí n má sọ pé ó ń dúró báyìí. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni wọ́n fi ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mò ń fẹ́ èédú náà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ kó fi pọ́n, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn bí ìtànṣán pupa ṣe máa ń sá wọnú èédú dúdú, tí á tún sá jáde bí mo bá ti dáwọ́ dúró. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé wọn kò bí ìbẹ̀rù iná mọ́ mi.

Ìyà tí mo máa ń jẹ jù ni ti gíláàsì. Màámi á dé, á bá mi níbi tí mo ti ń ya àwòrán, ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀, àtùpà kò tíì sí nítòsí. "Kúnlẹ̀. Gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè." Èmi á kúnlẹ̀, Àǹtí Fúnmi á máa bẹ̀ ẹ́ fún mi, á sì máa fi ojú kan rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́yìn Màámi.

Lọ́jọ́ kan, mo ya Bàbá Onílé sínú gíláàsì. Yàrá tó kọ́kọ́ wà ní kọ̀rídọ̀ ni tirẹ̀. Ọkùnrin sísanra ni, ó fẹ́ràn àwàdà, ikùn rẹ̀ sì máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ikùn náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Fúnmi rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti já gíláàsì gbà, ó gbé e lọ bá ẹni náà gan-an níbi tó ti ń jẹ gúgúrú lórí àga.

"Bàbá, ẹ wá wo ara yín. Wọ́n ti yà yín lọ́fẹ̀ẹ́."

Bàbá Onílé gba gíláàsì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ta ló ya ikùn yìí?"

"Dúpẹ́ ni o, Bàbá."

"Dúpẹ́, ìdodo mi dà?"

Mo na ọrùn wo gíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ikùn tó tó báyìí, o ò fi ìdodo sí i. Ṣé àpò gàrí ni mí ni?"

Gbogbo kọ̀rídọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó wá ti ìka rẹ̀ sí ẹnu gíláàsì bí ẹni fẹ́ fi ìdodo náà sí i fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka náà tóbi jù, kò wọ gíláàsì. Ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Tí o bá ń ya ènìyàn, má yọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ gan-an ni ojú á kọ́kọ́ béèrè." Mo fi ìdodo sí i, mo sì nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dúró sí mi nínú.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìrọ̀lẹ́ tí iná bẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo lè sọ nìyí. Kẹrosíìnì tí a rà lọ́sẹ̀ yẹn kò dáa. Wọ́n ti da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ ọn níbìkan, a kò sì mọ̀. Ẹ̀yin náà á rántí ìgbà tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láti ilé kan sí èkejì. Màámi ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Bódìjà, èmi àti Àǹtí Fúnmi la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo nu gíláàsì tán, mo gbé e fún un. Ó ṣáná sí àtùpà. Ohun tí mo rántí lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn mi, tó tì mí síta. Mo ṣubú sórí iyẹ̀pẹ̀. Iná jó mi lápá òsì. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ará ilé da iyanrìn sí iná títí ó fi kú. Wọ́n gbé Àǹtí Fúnmi sínú takisí, takisí sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yìn takisí náà ni mo rí kẹ́yìn.

Wọ́n di apá mi ní báńdéèjì. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan dé láti Adó, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú bàbá mi nínú yàrá, wọ́n sì jọ lọ. Nígbà tí bàbá mi padà, irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé Àǹtí Fúnmi ńkọ́.

"Ó ti padà sí Adó," ló wí. "Ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀dọ́ bá kú nínú ilé, wọn kì í sọ ọ́ fún ọmọdé. Wọn á ní ó rìnrìn àjò. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é, n kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọmọdé tí wọ́n sọ ọ́ fún á máa dúró de arìnrìn-àjò náà ni.

Èmi náà dúró. Mo dúró títí di ọjọ́ tí mò ń gbá yàrá, tí ìgbálẹ̀ mi lọ kan nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sílípáàsì Àǹtí Fúnmi ni, èyí tó fi wáyà so okùn rẹ̀ nígbà tó já. Mo nawọ́ sí òkè àpótí, mo ṣí páálí tó wà níbẹ̀. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò ní òmíràn. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń rò ó. Láti Agbowó dé Ìwó Road tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Adó nìkan, ilẹ̀ máa ń gbóná débi pé adìyẹ gan-an ń fò lórí rẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe máa fi ẹsẹ̀ lásán dé Adó?

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá Màámi. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Kò nà mí. "Dúpẹ́, jọ̀ọ́," ni gbogbo ohun tó sọ. Láti ọjọ́ náà, orúkọ Àǹtí Fúnmi kò jáde lẹ́nu mi mọ́. Mo lè kí ènìyàn káàárọ̀, mo lè ka ìsọdipúpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi orúkọ yẹn, ọ̀fun mi á tì.

Iná náà di ohun tí n kò lè wò. Bí wọ́n bá ṣáná ní kíṣìnnì, mo ti dé ẹ̀yìnkùlé. N kì í jẹun àfi kó tutù. Ìyá Ràṣídà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ìyàwó aláìdáná! Ọkọ tó bá fẹ́ ọ á máa mu gàrí títí ayé." Kó tó lọ, á fi mọ́ínmọ́ín tútù kan sílẹ̀ fún mi. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n fún wa ní kréyọ̀nù, wọ́n ní ká ya òdòdó. Gbogbo ọmọ ń já pupa àti yẹ́lò gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èmi kò lè fọwọ́ kan pupa náà. Mo fi ìwé mi sílẹ̀ ní funfun, olùkọ́ sì ní mo ya ọ̀lẹ.

Màámi kò ránṣọ mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àpò èédú áyọ́ọ̀nù sì wà lẹ́yìn kíṣìnnì láìsí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sán kan, mo dúró tì í, mò ń wò ó. Mo mọ̀ pé èédú ti jẹ́ igi rí, mo mọ̀ pé ó ti wọnú iná, ó sì jáde. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iná ṣì wà nínú rẹ̀. Mo na ìka kan sí i bí ẹni tó fẹ́ tọ́ ejò wò, mo sì yára fà á padà. Mo tún nà án. Ó tutù. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Òun nìkan ni nǹkan tó ti inú iná wá tí mo lè dì mú.

Orí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn àwọn ìwé iṣẹ́ tí bàbá mi ti máàkì tán. N kò mọ ohun tí mò ń wá, mo kàn ń wá a ni. Mo rí i pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, dúdú náà á ki bí ìgbà tí ènìyàn ń bínú, èédú á sì fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá jẹ́ kó fẹsẹ̀ kẹ́lẹ́ rìn, ìlà tó máa fà á dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lókèèrè. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, á di èéfín. Ibi tí n kò bá fọwọ́ kàn rárá á máa tàn. Mo ń bi ara mi pé báwo ni nǹkan méjì péré, dúdú àti funfun, ṣe mọ gbogbo ohun tó wà nínú mi, nígbà tí páálí kréyọ̀nù odidi kò mọ ọ̀kan. N kò tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn títí di òní.

Nígbà tó yá, Bàbá Onílé ní kí wọ́n fi ẹfun kun ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí iná náà ti fi èéfín bò. Ó ní kí ojú àwọn ará ilé lè kúrò níbẹ̀. Àwọn akunlé dé, wọ́n kùn ún, ògiri náà funfun débi pé bí ènìyàn bá wò ó lọ́sàn-án, ojú á máa ta á. Mo mọ̀ pé dúdú ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ kejì, mo gbé àpótí ìjókòó kan lọ síbẹ̀, mo gun orí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo ya gèlè rẹ̀, mo ya ojú rẹ̀ tó fi ń rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́yìn Màámi. Mo ya téèpù tó máa ń gbé kọ́rùn. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, mo ya ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n nà síwájú, mo tẹ̀ wọ́n dúdú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ya ìró rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, mo sì dá ọwọ́ dúró síbẹ̀. N kò fi ẹsẹ̀ sí i.

Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Mo rántí ọ̀rọ̀ ìdodo. Mo fẹ́ kí ẹnìkan kọjá, kó bi mí pé, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?" Nígbà náà, èmi náà á rí àyè béèrè ohun tí ọ̀fun mi kò jẹ́ kí n béèrè.

Ìyá Ràṣídà ló kọ́kọ́ kọjá, ó gbé abọ́ ata lọ́wọ́ láti ọlọ. Ó rí ògiri. Abọ́ náà bọ́, ata fọ́n ká ilẹ̀.

"Yé! Ẹ gbà mí o! Ìyá Dúpẹ́, ẹ jáde wá, ẹ wá wo Fúnmi!"

Àwọn ènìyàn tú jáde. "Kò lẹ́sẹ̀!" ló ń pariwo. "Ẹ ò rí i ni? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀! Òkú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀! Òkú Fúnmi ló ń wá bá ọmọ yìí ṣeré lọ́sàn-án gangan!"

Obìnrin mìíràn ní kí wọ́n tètè mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn ti sáré gbé omi àti ìgbálẹ̀ wá láti fi fọ ògiri. Èmi kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú èédú lọ́wọ́. Òkú. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Màámi ti jáde. Ó dúró, ojú rẹ̀ wà lára ògiri, kò sì lè wá sọ́dọ̀ mi.

Nígbà náà ni Bàbá Onílé dé. Gbogbo ènìyàn yà fún un, torí ẹfun rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa, a sì mọ bó ṣe máa ń ṣe bí ọmọdé bá fọwọ́ kan ògiri. Ó wo àwòrán náà bó ṣe wo gíláàsì lọ́jọ́ yẹn, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó yíjú sí mi.

"Dúpẹ́."

"Sà."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

Ọ̀fun mi sì là. "Sílípáàsì Àǹtí Fúnmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," mo wí. "Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú páálí. Wọ́n ní ó lọ sí Adó. Kí ló wọ̀ lọ?"

Ìyá Ràṣídà rọra gbé ìgbálẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó sì fi etí ìborùn rẹ̀ bo ojú. Bàbá Onílé ṣí fìlà. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí ata tó fọ́n ká.

Ẹni tó gbé omi dání tún fẹ́ sún mọ́ ògiri. Bàbá Onílé na ọwọ́ dí i lọ́nà. "Ògiri ta ni?"

"Tiyín ni, Bàbá."

"Ẹfun ta ni?"

"Tiyín náà ni."

"Ó dáa. Gbé omi rẹ lọ fi wẹ̀." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Tilé wa yìí fi èédú sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó pè mí. N kò lè wọlé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ títí mo fi wọlé fúnra mi. Òórùn èéfín ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ dúdú kan sórí tábìlì tó ti máa ń gé aṣọ, ó fi ọwọ́ nà án kó má hunjọ. Ó gbé sílípáàsì Àǹtí Fúnmi lé e, ọ̀tún àti òsì, bí ìgbà tí ẹni tó ni ín dúró níbẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì funfun tó fi ń fàlà sára aṣọ, ó fi yí wọn ká bó ṣe máa ń yí bébà ìwọ̀n aṣọ ká kó tó fi àlùmọ́gàjí gé e. Nígbà tó gbé sílípáàsì náà kúrò, ẹsẹ̀ funfun méjì wà lórí dúdú.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyí," Màámi wí. "Àǹtí rẹ ti kú, Dúpẹ́. Adó la sin ín sí. Àwa ló yẹ ká ti sọ fún ọ."

Mo bi í pé ṣé ó dùn ún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn ún. Mo bi í pé ṣé ó sunkún. Ó ní díẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó dárúkọ mi. Màámi fi ìka pa ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ló ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé," ló wí. "Ó ń béèrè bóyá o jáde. A sọ fún un pé o jáde. Ó gbọ́ kó tó lọ."

Lẹ́yìn náà ó ní ṣọ́ọ̀kì kì í pẹ́ parẹ́. Ó nu eruku orí máṣínnì, ó fi òwú funfun sí abẹ́rẹ́, ó sì rán an gba orí ìlà náà yí ká, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Aṣọ tó kọ́kọ́ rán láti ọjọ́ iná nìyẹn. Mo jókòó ti pẹ́dà, mò ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

N kò fi ẹsẹ̀ kún ti ara ògiri. Òjò fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló pẹ́ jù kí wọ́n tó lọ.

Ayé ti yí padà báyìí. Apá Challenge ní Ìbàdàn kan náà ni mò ń gbé, kò sí àtùpà kan nínú ilé mi, iná tí oòrùn ń gbé ró ni mò ń lò. Síbẹ̀, kí n tó jáde, màá fi imú fa afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà gáàsì, màá dé ẹnu géètì, màá tún padà. Àwọn ọmọ mi á ní, "Màámi, ẹ ti pa á." Mo mọ̀ pé mo ti pa á. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ya àwòrán lórí fóònù, gbogbo àwọ̀ ayé wà níbẹ̀, bí kò bá sì dùn mọ́ wọn, ìka kan ni wọ́n á fi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ọwọ́ wọn kò ní dọ̀tí. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dun ọkàn ọ̀kan nínú wọn, mo máa ń wá èédú kan tó ti tutù fún un, àti ìwé funfun. Nígbà tí ìyá mi wá di àgbà tó sì kú, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ ọmọ mi, Ìrètí, pé ó rìnrìn àjò. Èmi ni mo jókòó tì í tí mo sọ ọ́. Gbogbo ohun tó bi mí, mo dá a lóhùn.

Ìrètí náà ló bá mi tú àpótí ìyá mi. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a rí aṣọ dúdú náà, a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Màámi àgbà, ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún un láti orí gíláàsì àtùpà dé ibi ẹsẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró sínú ìlà funfun náà. Tirẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé tiyín náà sí i."

N kò tíì ṣe é rí láyé mi. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Mo bojú wolẹ̀, mò ń wá òwú funfun náà, n kò rí i. Ẹsẹ̀ mi ti bò ó mọ́lẹ̀ yí ká, níwájú àti lẹ́yìn. Àǹtí Fúnmi tó ga bí igi àgbọn, ọmọdé lásán ni.